Tàgíìrì Kì í Ṣe Ti Ẹnu

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo ṣe tí kò dáa, kó má lọ jẹ́ pé ẹ ó gbọ́ adùn iṣẹ́ mi tán kí ẹ tó mọ irú ẹni tó ń sọ ọ́. Èmi Ìdòwú ni mo po ohun tí Ìyá Tópẹ́ aránṣọ mu, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí wọn. Kì í ṣe ọ̀gá mi. Gbogbo ẹni tó ń ra ewé lójú títì láti Ìbà dé Ọ̀jọ́ ló gbà pé ọ̀gá mi ni, èmi náà sì jẹ́ kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe jẹ́.

Àwọn àgbà ló sábà máa ń jókòó sọ ìtàn iṣẹ́ tí wọ́n fi ayé wọn ṣe. Èmi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ewé àti egbò tí mo bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti parí lọ́wọ́ mi. Dókítà ló ní kí n fi í sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbà mí láyè kí n ṣe bí àgbà lónìí nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, tí ẹ ń wo ọ̀tún, tí ẹ ń wo òsì, tí ẹ ò mọ iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ ewé dáa, n ó kọ́kọ́ fò sókè ná kí n tó dáhùn. Ó dáa! Ó dùn ju bọ́ọ̀lù lọ! Láàárín gbogbo ọdún yẹn, mi ò rántí òwúrọ̀ kan tí mo jí tí ẹsẹ̀ mi ò yá láti lọ síbi iṣẹ́.

Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú bí mo ṣe débẹ̀. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbàjọba nígbà náà, wọ́n ń fi kòbókò kọ́ gbogbo èèyàn bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, agbára wọn ò ká owó ilé ìwé mọ́ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà. Wọ́n mú mi lọ sí Okokomaiko, wọ́n fà mí lé Bàbá Ṣadé ẹlẹ́wé lọ́wọ́, wọ́n ṣe àdéhùn ọdún méje, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n lọ. Ó tán.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Bàbá Ṣadé. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ohùn wọn kì í lọ sókè, ṣùgbọ́n ojú wọn le. Ìsọ̀ wọn wà létí títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Pákó ni wọ́n fi kan án, páànù lórí. Ẹni tó bá wá béèrè ohun tí wọ́n fi ń mú obìnrin tàbí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀tá ní jàǹbá, wọn á nawọ́ sí ọ̀nà fún un. "Ewé ni mò ń tà, mi ò ta ọfọ̀. Máa lọ síwájú."

Ẹ wá wo ẹ̀kọ́ o! Odidi ọdún kan, mi ò gbọdọ̀ dá oníbàárà kankan lóhùn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣan egbò, kí n máa sá èèpo igi, kí n máa fọ ìkòkò. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ìdánwò dé.

"Ìdòwú, dijú."

Mo dijú. Wọ́n á ki ewé bọ̀ mí nímú.

"Kí nìyí?"

"Efinrin, sà."

"Efinrin wo? Ńlá àbí wẹẹrẹ?"

"Ńlá, sà."

Ìka wọn á dún lórí mi, kóó! "Wẹẹrẹ ni. Ewé tó o bá ní láti fojú wò kó o tó dá a mọ̀, o ò tíì mọ̀ ọ́n."

Lẹ́yìn imú, ó kan ahọ́n. Gbogbo ohun tó bá korò ni mo ní láti fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ wò, kí n tutọ́ ẹ̀ dànù, kí n wá sọ irú ìkorò tó jẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìkorò ní oríṣi. Ìkorò ewúro máa ń kọ́kọ́ le, yóò wá rọ̀, yóò sì dùn díẹ̀ lẹ́yìn. Ti ejìnrìn máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n méjèèjì. Ti dóńgóyárò ní tirẹ̀, ọ̀fun ló ń gbà lọ, bí ẹni pé ó ń wá ẹnì kan níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa lo ọdún méjì, mo ti lè dijú kí n mọ ogójì ewé. Orí mi wú débi pé bí mo bá ń lọ sílé, n ó máa já ewé ọgbà olówó ọgbà, n ó máa gbóòórùn ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní bóyá orí mi ti yí.

Ọjọ́ tí a bá lọ já ewé ni mo fẹ́ràn jù. A ó gba ẹ̀yìn yunifásítì wọnú igbó apá Ìbà, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, tí ilé ò tíì pọ̀ nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí tàgíìrì. Mo gbójú sókè, mo rí ìtàkùn kan tó ti gun igi ọ̀pẹ dé orí, àwọn nǹkan kan sì so rọ̀ lára ẹ̀, wọ́n tó ẹyin tòlótòló, àwọ̀ ewé ni, àmì funfun wá wà lára wọn bí ìgbà tí ẹnì kan jókòó fín wọn bí igbá.

Mo figbe ta. "Ọ̀gá! Ọ̀gá, ẹ wá wo igi tó ń yé ẹyin!"

Bàbá Ṣadé rẹ́rìn-ín, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. "Tàgíìrì nìyẹn. Gùn ún."

Mo gùn ún, mo já mẹ́fà. Wọ́n la ọ̀kan, wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò. Yéè! Ìkorò yìí kò bá mi ṣeré rárá. Ó gba ahọ́n, ó gba eyín, ojú mi ń ṣomi.

"Bí èéyi bá mú ọmọ," Bàbá Ṣadé ní, "tí ara ẹ̀ ṣù, a ó sun tàgíìrì nínú eérú gbígbóná, a ó là á, a ó fi pa á lára. Bí adìẹ bá ń tòògbé kiri, a ó gé e sínú omi tí wọ́n ń mu. Àwọn tó ń ṣe awọ ń fi í bó irun lára awọ."

"Èèyàn ńkọ́, sà? Ṣé èèyàn ń mu ún?"

Wọ́n dúró, wọ́n wò mí. "Ohun tó ń bó irun lára awọ màlúù, kí lo rò pé ó máa ṣe nínú ìfun? Fetí sílẹ̀ dáadáa. Ti ara ni tàgíìrì. Kì í ṣe ti ẹnu."

Mo gbọ́. Ẹ bá mi rántí pé mo gbọ́.

Ọdún kẹrin mi ni Màdáàmù Íńdíà yọ sí wa. Àwọn tíṣà láti Íńdíà pọ̀ ní àwọn ilé ìwé wa nígbà yẹn; ní ti Màdáàmù yìí, ilé ìwé girama kan ní Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Aṣọ gígùn kan ni wọ́n máa ń wé mọ́ra, àmì pupa róbótó níwájú orí. Àwọn ọmọ ilé ìwé wọn ló kọ́ wọn ní Yorùbá, ẹ̀yin náà sì mọ irú Yorùbá tí ọmọ ilé ìwé máa ń kọ́ tíṣà.

"Báwo ni, ọ̀rẹ́ mi," wọ́n ní fún Bàbá Ṣadé. "Mo fẹ́ ejìnrìn."

Mo ya ewé fún wọn. Wọ́n mi orí.

"Rárá, rárá. Kì í ṣe ewé. Ọmọ ẹ̀. Tó rí págunpàgun."

"Èso ẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ fi wẹ̀ ni, mà?"

"Mo fẹ́ jẹ ẹ́."

"Jẹ kẹ̀? Ejìnrìn?"

"Pẹ̀lú àlùbọ́sà. Mo dín in. Ó dùn gan-an!"

Bàbá Ṣadé ń jẹun lọ́wọ́, òkèlè wọn dúró láàárín abọ́ àti ẹnu. "Ìdòwú," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "bi wọ́n bóyá ọkọ wọn ló ṣẹ̀ wọ́n."

Màdáàmù gbọ́ ọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi ló fẹ́ràn ẹ̀ jù!"

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń wá, èmi ni mo sì ń wá èso ejìnrìn fún wọn. Ìgbà tí wọ́n rí i pé mo fẹ́ràn ewé bẹ́ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ ti ìlú wọn fún mi. Bàbá bàbá wọn, wọ́n ní, ewé ló fi ń tọ́jú èèyàn. Ibì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ iyanrìn lásán, òjò kì í fẹ́ rọ̀ níbẹ̀. Ìtàkùn kan wá ń fà lórí iyanrìn yẹn, èso ẹ̀ rí róbótó, ó nílà lára bíi bàrà tiwa, ewúrẹ́ tí ebi ń pa pàápàá máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìndíráyàn ni wọ́n pè é. Wọ́n yà á fún mi sẹ́yìn ìwé ìròyìn. Ẹni tí inú ẹ̀ bá le bí òkúta, tí kò rí ìgbẹ́ yà, bàbá yẹn á fún un nínú ẹ̀. Ẹni tí ibà sọ ojú ẹ̀ di pípọ́n bí osùn, ẹni tí oríkèé ẹ̀ ń wú, wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń fi í ṣe fún un. Egbò ẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ sójú ibi tí àkekèé bá ta.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó! Pé ìtàkùn kan wà lókè òkun, tó korò bí tiwa, tí àwọn náà ní bàbá arúgbó kan tó ń dijú gbóòórùn ẹ̀! Mo sá lọ mú tàgíìrì kan wá. Màdáàmù là á, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n fi ahọ́n kàn án, wọ́n tutọ́.

"Ó jọ ọ́," wọ́n ní. "Ó jọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò mọ èyí. Tiwa pàápàá, bàbá bàbá mi máa ń yọ hóró ẹ̀, á sá a, á fi àwọn nǹkan míì pa agbára ẹ̀. Ìwọ̀nba tó máa fúnni nìyí." Wọ́n na ìka ọmọńdinrín wọn, wọ́n fi hàn mí ní ṣóńṣó èékánná. "Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni. Aláboyún, rárá. Àwọn kan ti kú."

Mo rí èékánná yẹn. Mo tún gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti sá lọ.

Mo ní láti ṣàlàyé ohun kan kí ẹ tó mọ ibi tó sá lọ. Nínú ẹgbẹ́ àwa ẹlẹ́wé apá ibẹ̀ yẹn, ọmọ iṣẹ́ kì í gba òmìnira lásán. Ó gbọ́dọ̀ gbé àgbo kan kalẹ̀ tí ọ̀gá ẹ̀ kò kọ́ ọ, kó sì mú ẹnì kan wá tó máa dìde láàárín ìpàdé pé òun mu ún, ara òun sì yá. Àgbo òmìnira la máa ń pè é. Ọdún keje mi ti ń parí lọ, mi ò ní nǹkan kan. Gbogbo ohun tí mo bá gbìrò, Bàbá Ṣadé ti ń ta á kí wọ́n tó bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ronú sí tàgíìrì. Mo ní, adìẹ ń mu ún, kò kú. Mo ní, ti ibẹ̀ yẹn korò, tibí náà korò, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n á máa ṣe. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò ní ju aṣọ kan lọ, mo ti ń wá àkísà.

Bàbá Ṣadé lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gé odidi tàgíìrì kan, pẹ̀lú hóró ẹ̀, mo fọ́ ọ, mo rẹ ẹ́ sínú omidùn, mo sẹ́ ẹ, mo rọ ọ́ sínú ìgò kan. Mi ò wọn nǹkan kan. Mo gbé ìgò náà sáàárín àwọn ìgò ọ̀gá mi, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.

Ìyá Tópẹ́ wá dé. Aránṣọ ni wọ́n ní Igbó-Elérin, wọ́n fẹ́ràn àwàdà, "ọkọ mi kékeré" ni wọ́n máa ń pè mí. Lọ́jọ́ náà, wọ́n fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

"Ọkọ mi kékeré, ọjọ́ karùn-ún rèé o, mi ò rí ìgbẹ́ yà. Inú mi le bí pákó. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mà. Ṣùgbọ́n àgbo kan wà ńlẹ̀."

"Ṣé ọwọ́ ọ̀gá ẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Èrò mi ni pé tára wọn bá ti yá, n ó sọ fún wọn pé èmi ni, wọn á sì wá jẹ́rìí mi.

Wọ́n gbé ife kan mì lójú ẹsẹ̀. Ojú wọn fún pọ̀. "Yéè! Èyí mà korò ju ẹnu ìyá ọkọ mi lọ!" Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n mu ìyókù tó bá dọ̀sán. Wọ́n sì mu ún, torí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé wa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ọ̀sán ni mo rí Tópẹ́, ọmọ wọn, tó ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà. "Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú! Màmá mi ń bì, ẹ̀jẹ̀ ló ń gba ìdí wọn jáde!"

Mo sáré. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, àwọn aládùúgbò ti ń gbé wọn wọ ọkọ̀. Ètè wọn ti funfun. Wọ́n rí mi, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn ò jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ni omi fi wà lára wọn lọ́sibítù. Ọjọ́ kejì pàápàá, àwọn nọ́ọ̀sì ní kí ọkọ wọn máa gbàdúrà.

Ìròyìn bá Bàbá Ṣadé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì dé bá mi ní ìsọ̀. Wọn ò tíì bi mí tí wọ́n ti rí hóró tàgíìrì nínú asẹ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀, ilẹ̀ lásán.

"Ìdòwú, ibo lo fi sí?"

"Ẹnu, sà."

"Ẹnu wọn?"

"Adìẹ ń mu ún, sà, mo rò pé..."

"Ṣé Ìyá Tópẹ́ ni adìẹ?"

Wọn ò nà mí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n nà mí.

Nígbà tí Ìyá Tópẹ́ jáde lọ́sibítù, ẹgbẹ́ pè wá sí ìpàdé ní Ìbà. Arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́ ló jókòó ìdájọ́. Ọkọ Ìyá Tópẹ́, ọmọ Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Mi ò wá gbowó. Mo kàn fẹ́ mọ ọwọ́ tó pò ó."

Ìyá Ẹgbẹ́ yíjú sí wa. "Ìsọ̀ tiyín ni. Ta ló pò ó?"

Mo la ẹnu. Lóòótọ́, mo là á. Ọwọ́ Bàbá Ṣadé bà lé orúnkún mi, ó wúwo bí ọmọ odó.

"Èmi ni," wọ́n ní.

"Ìwọ? Ìwọ tó ń wọn àgbo bí ẹni ń wọn wúrà?"

"Mo ṣì í mú. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

"Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì lo wà."

"Mo ti pò ó sílẹ̀ kí n tó lọ."

 Ọwọ́ wọn ti kúrò lórúnkún mi nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó di ẹnu mi. Èmi fúnra mi ni mo pa á dé, mo ń wo èèrà kan tó ń lọ nílẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ dájọ́ pé Bàbá Ṣadé kò gbọdọ̀ ta ohun tó ń gba ẹnu mọ́ láéláé lójú títì yẹn, láti Ìbà dé Ọ̀jọ́. Ẹlẹ́wé tí kò lè ta àgbo, kí ló kù tó fẹ́ tà?

Nígbà tí a délé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Dìde. Ẹni tó ni odó ló ni ohun tí wọ́n gún nínú ẹ̀." Wọ́n fà mí dìde. "Èmi ti jẹun nídìí iṣẹ́ yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Ìwọ ò tíì jẹun nídìí ẹ̀ rí. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìwọ ni, kò sẹ́ni tó máa fún ẹ lómìnira níbikíbi. Ọwọ́ ẹ dáa, Ìdòwú. Ara ẹ ló ń yá jù."

Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó ẹrù padà sí Ìsẹ́yìn, àwọn àti ìyàwó wọn àti Ṣadé, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹgbẹ́ ṣàánú mi, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá kọ́ ló yẹ kó ba ọmọ iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n fún mi lómìnira láìbéèrè àgbo kankan lọ́wọ́ mi. Wọ́n wá gbé ìsọ̀ náà fún mi.

Ẹ ó ní kí ló tún wá dùn nínú ẹ̀ lẹ́yìn èyí. Iṣẹ́ náà dùn! N kò lè parọ́ fún yín torí pé ojú ń tì mí. Ìgbà yẹn ni Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé àwọn ológun, ti sọ owó oògùn òyìnbó di ohun tí apá ò ká, gbogbo èèyàn wá padà sídìí ewé: ìyàwó àwọn sójà ojú omi láti Navy Town, olùkọ́ yunifásítì tó ń bo ojú bí ẹni tó ń sá fún gbèsè. Màdáàmù Íńdíà ní tiwọn ti kó lọ sílùú wọn nígbà tí náírà já wálẹ̀. Mi ò rí wọn kí n sọ ohun tí mo fi ìmọ̀ wọn ṣe. Mo lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan, mo ra òṣùwọ̀n kékeré ọwọ́ ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sóhun tó gba ẹnu tí mi ò kọ́kọ́ wọ̀n. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ wò ó, Ìdòwú ń ta ewúro bíi góòlù!" Kò dùn mí.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Ìkòkò amọ̀ lọ, kẹ́ẹ̀gì dé. Ewé tí a fi ń pọ́n àgúnmu lọ, náílọ́ọ̀nù dé. Mo fi ìwé mẹ́fà mi kọ orúkọ ewé sára ìgò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á wá dà á kọ sínú ìwé wọn, wọ́n á ní "Ẹ tún un pè, Bọ̀ọ̀dá," n ó sì tún un pè bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo òpópónà ló wá wò ó. Odó máa ń gbà mí ní ọjọ́ méjì láti gún èèpo igi àpò kan; ẹ̀rọ yìí lọ̀ ọ́ kí n tó jẹun tán! Mo ń jó. Mi ò mọ̀ pé èkuru tó ń ta jáde lẹ́nu ẹ̀ ń wọlé sí mi láyà. Nígbà tó fi máa tó ọdún mẹ́fà, ikọ́ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán mọ́, dókítà sì ní kí n yan èyí tó wù mí, èkuru tàbí èémí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún yẹn, ohun kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún mi. Oníbàárà á gba àgbo ẹ̀, á ní, "Ìwọ ṣeé fọkàn tán. Kì í ṣe bí ọ̀gá ẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pààyàn." N ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ẹ ò mọ bí ẹnu ṣe máa ń korò lẹ́yìn irú ẹ ṣeun bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ tán lọ́dún tó kọjá, mo gba Igbó-Elérin lọ. Ìyá Tópẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo kúnlẹ̀, ọkùnrin bíi tèmi, mo sọ gbogbo ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ọjọ́ tí mo bi ẹ́ bóyá ọwọ́ ọ̀gá ẹ ni, tó o rẹ́rìn-ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fa aṣọ yọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. "Mo ti bú bàbá yẹn fún ọdún mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi tí mi ò sọ fún." Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ń rán. "Dìde, Ìdòwú. Mo ti forí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n jáde ná, jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ wo ojú ẹ lónìí."

Mo pinnu pé n ó lọ sí Ìsẹ́yìn, kí n lọ mú Bàbá Ṣadé wá síwájú ẹgbẹ́, kí n wá sọ ọ́ lójú wọn. Mo ní kí n kọ́kọ́ tọ́jú ikọ́ mi. Mo ní kí òjò dá. Òjò ò tíì dá tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé Bàbá ti lọ.

Mo débẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ṣadé ti dàgbà, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, àwa méjèèjì nìkan.

"Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń fi pè mí nílé ìwé kí a tó kúrò ní Okokomaiko, ọmọ apààyàn. Mo bi bàbá mi títí, wọn ò dá mi lóhùn. Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ló po àgbo yẹn?"

Ẹnu mi tó ti sọ ọ́ fún Ìyá Tópẹ́! Mo wo aṣọ funfun tó wọ̀, mo wo ojú ẹ̀ tó ti wú fún ẹkún, mo ní, "Ó ti pẹ́, Ṣadé."

Kò bi mí mọ́. Ó lọ bu oúnjẹ wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jẹun dáadáa, pé bàbá òun máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé nínú àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ewé tó Ìdòwú. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ kọ́ṣẹ́ ewé tó bá wù yín, ẹ ó gbádùn ẹ̀. Èmi ti kọ èyí sílẹ̀, ìdáhùn tí Ṣadé ń wá sì wà nínú ẹ̀, bóyá á kà á, bóyá kò ní kà á. Ṣùgbọ́n ojúkojú ló ti bi mí, ìwé kọ́ ló fi bi mí. Títí n ó fi padà dúró níwájú ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, kí n wo ojú ẹ̀, kí n la ẹnu, kí n ní, "Kì í ṣe bàbá ẹ, èmi ni," mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè.